“Ẹ kú ewu” ni gbogbo ayé ń kí mi, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà pé ewu náà ti kọjá

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n lónìí mo ní ìbéèrè kan tí n kò lè bi ẹnikẹ́ni nílé.

Ìtòsí Bódìjà Àtijọ́ ní Ìbàdàn ni à ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí aago mẹ́jọ kù díẹ̀, mo wà nídìí gáàsì, mò ń dín dòdò, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì wà ní pálọ̀. Ohun tí mo gbọ́ kò jọ ariwo. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fò sókè. Gíláàsì fèrèsé dà sílẹ̀, àjà ilé já, iná lọ, eruku sì bo gbogbo ibẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ lónìí pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ni ó bú, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé sílíńdà gáàsì mi ni, àti pé ọwọ́ ara mi ni mo fi pa àwọn ọmọ mi. N kò gbọ́ ohùn wọn, n kò sì lè kígbe. Nígbà tí mo táràrà kàn wọ́n nínú òkùnkùn, wọ́n di ara wọn mú lẹ́yìn àga, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára wọn.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fara pa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn sì ń kí wa pé, “Ẹ kú ewu, ewu iná kì í pa àwòdì.” Mo jó, mo sì ná owó. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá báyìí, n kò tíì tan gáàsì láti ìgbà náà. Iná èédú ni mo fi ń dáná lẹ́yìnkùlé, àní bí òjò ń rọ̀ pàápàá. Bí táyà ọkọ̀ àjàgbé bá bẹ́ lójú títì, màá ti wà lábẹ́ tábìlì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Òórùn òróró gbígbóná a máa gbé mi padà sínú òkùnkùn yẹn, kì í ṣe pé mo rántí rẹ̀ lásán, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé mo tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóru ni mo máa ń dìde láti lọ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń mí. Mo ń kanra mọ́ ọkọ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta oògùn fún mi ní Lexotan, èmi sì ti ń lò ó láti nǹkan bí oṣù márùn-ún kí n lè sùn.

Àbúrò ọkọ mi sọ fún mi pé àwọn kan kú, ilé àwọn kan wó, gíláàsì lásán ni tèmi fọ́, kí ni mo wá ń yọ ara mi lẹ́nu sí. Òótọ́ sì ni ó sọ. Ṣé irú èyí tó ohun tí à ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn, àbí ojo ni mí? Oṣù Kejìlá ti dé tán, àwọn ọmọ àdúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà.


Ọpẹ́yẹmí77, ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú ewu, mà. Ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni èyí, Ọlọ́run kò sì fi irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa ka Sáàmù 91 láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ní ti gáàsì, ẹ ṣọkàn akin, ẹ tàn án tipátipá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rù náà yóò sá. Àwọn òyìnbó ni ó ń fún gbogbo nǹkan ní orúkọ àìsàn.


Ọmọ_Òkè-Àfà, ọjọ́ Ajé, aago 11:02 alẹ́

Ọpẹ́yẹmí, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé irú ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí n fi ọdún mẹ́tàdínlógún rù ú káàkiri.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná. Ìsọlọ̀ ni a ń gbé. A kò rí iná náà. Ariwo rẹ̀ ni a ń gbọ́, tí òrùlé ń gbọ̀n, tí ojú ọ̀run sì ń pọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé kí ni. Àwọn kan ní ogun ni, àwọn kan ní ayé ti parẹ́, gbogbo ènìyàn sì ya sójú ọ̀nà nínú òkùnkùn. Níbi odò Òkè-Àfà, ewé ti bo ojú omi débi pé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó wà níwájú wọn, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń ti àwọn tí ó wà níwájú. Àwọn tí ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni kì í ṣe àdó olóró ni ó pa wọ́n bí kò ṣe omi. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ inú ẹran ara mi. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri kan, ó kọ̀, kò tẹ̀ síwájú mọ́. Ìyẹn ni ó yọ wá. Mo gbọ́ àwọn ọmọdé tí ń pe ìyá wọn, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ wọn mọ́.

Èmi náà kò ní ojú àpá kankan ju ti èékánná ìyá mi lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, n kò lè wọ bọ́ọ̀sì tí ó bá kún. Odò yẹn ni mo kọ́kọ́ ń yà fún, nígbà tí ó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún gbogbo Ìsọlọ̀, lẹ́yìn náà ó di gbogbo afárá tí ó wà ní Èkó, ẹ sì mọ iye afárá tí ó wà ní Èkó. Báyìí ni ìyàfún ṣe ń ṣe: bí ẹ bá fún un ní yàrá kan, yóò gba ilé. Mo gbààwẹ̀, mo sì gbàdúrà, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ní ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tí ń ṣe mí ní orúkọ, àti pé ó ní ìtọ́jú.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fi tiyín wé ti ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Kò sí ẹni tí í kọ́kọ́ wọn ejò náà kí ó tó gbà fún un.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:51 òwúrọ̀

Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀. Mo ti wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè “Ṣé ó tó?” dáadáa, nítorí pé òun ni mo máa ń gbọ́ jù.

Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ PTSD, ìyẹn àìsàn ọgbẹ́ ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́rù máa ń fà, sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ ogun tí ó ti Vietnam dé. Ṣùgbọ́n wọn kò dá àìsàn náà sílẹ̀; nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní pàápàá ni wọ́n ti ń rí i lára àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n rò pé ìró ọta ńlá ni ó mi ọpọlọ wọn. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà ti ọdún 2013, tí à ń pè ní DSM-5, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tó ni ikú tàbí ìhàlẹ̀ ikú, ìfarapa tí ó burú, àti ìfipábánilòpọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn fúnra rẹ̀, ó lè ṣojú rẹ̀, ó lè gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ lójijì sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè máa mú un pàdé irú rẹ̀ léraléra, bí àwọn tí ń gbé òkú kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òkú ọmọ yín ni ẹ ń wá nínú òkùnkùn. Ó tó.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan kọ́ ni àìsàn náà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá pàdé láyé wọn, ṣùgbọ́n ìdá 5.6 péré nínú àwọn tí ó bá pàdé ni PTSD ń mú. Àwọn tó kù yóò gbọ̀n, wọn yóò sunkún, oorun wọn yóò dàrú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara wọn yóò sì wálẹ̀. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa padà wá láìpè, lójú àlá tàbí lójú ayé. Kí ènìyàn máa sá fún ohunkóhun tí ó bá jọ ọ́. Kí ara máa wà lójúfò nígbà gbogbo, kí ó máa ta gìrì, kí ó máa kanra. Kí ọkàn sì ṣókùnkùn, kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bí ìwọ̀nyí bá ju oṣù kan lọ, tí wọ́n sì ń dí iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́, ó yẹ kí dókítà rí ẹni náà. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ kan gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi ìwé orí ayélujára dá àìsàn mọ̀ lára yín.

Ní ti Lexotan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí. Ìran kan náà ni òun àti Valium, àwọn oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀. Kì í wo PTSD sàn, àwọn ìlànà ìtọ́jú kò sì fọwọ́ sí i fún un, nítorí pé ó ń di bárakú. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró lójijì lẹ́yìn oṣù márùn-ún! Ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé páálí oògùn náà dání bí ẹ bá ń lọ, ẹ má sì tijú láti sọ iye tí ẹ ń lò.


Ajagunfẹ̀yìntì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:20 òwúrọ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1968, mo sì wà ní agbègbè Owerri títí ogun abẹ́lé fi parí ní 1970. Ohun tí mo rí níbẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí.

N kò ta ko ọmọbìnrin yìí. Ohun tí ó rí kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Bí olùkọ́ bá bá wọn wí, wọ́n ní ọkàn àwọn gbọgbẹ́. Bí ọ̀rẹ́kùnrin bá kọ̀ wọ́n, ọgbẹ́ ọkàn. Bí gbogbo nǹkan bá ti di ọgbẹ́, kí ni a óò wá pe èyí tí ó jẹ́ ọgbẹ́ ní tòótọ́? Nígbà tí àwa padà dé, oko ni mo lọ, mo ṣiṣẹ́ títí ara fi rẹ̀ mí, mo sùn. A kò sọ ọ́, ó sì rọlẹ̀.


Àṣàkẹ́_Ìlọrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:33 òwúrọ̀

Bàbá, mo kúnlẹ̀ fún yín bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò sì sí ìwọ̀sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàbá tèmi náà ja ogun yẹn. Kò sọ ọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò rọlẹ̀; àwa ọmọ ni a ń gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án bí ó bá ń sùn. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń pe orúkọ rẹ̀ títí yóò fi jí, nítorí pé ní ìgbà kan tí àbúrò mi mi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti fún un lọ́rùn kí ó tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tún wọ yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ sùn mọ́. Àwa rò pé kò fẹ́ràn wa. Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó lé e jáde kúrò nínú yàrá wa.

Nítorí náà, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ yín, lónìí.


Ìyá_Tèmítọ́pẹ́_Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi ìrírí tí ó yàtọ̀ kún un. Nígbà tí mo bí ọmọ mi ní ọdún 2017, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n tẹ aago pàjáwìrì, ènìyàn bíi mẹ́wàá ya wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń ka iye ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà sókè bí ẹni ń ka owó. Mo rò pé mo ti ń kú, mo sì ń wo ọmọ náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo ń rò ó pé n kò tíì gbé e rí.

Ẹ ronú sí ìkíni tí wọ́n kí mi lẹ́yìn náà: “Ẹ kú ewu ọmọ.” Ìkíni kan náà ni wọ́n kí Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ìkíni rere ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kí ọ tán, ó ti parí nìyẹn. Ta ni yóò tún dìde lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ láti sọ pé ewu òun kò tíì tán? Ọdún méjì ni mo fi ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà rí ilé ìwòsàn náà. Àwọn kan sọ fún mi pé ọmọ bíbí kì í ṣe irú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, pé gbogbo obìnrin ni ó ń bímọ. Nọ́ọ̀sì ti dá wọn lóhùn lókè yìí: ìhàlẹ̀ ikú ni.

Níbí, ènìyàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé. Wọ́n fi ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní EMDR tọ́jú mi: mo ń rántí apá kan ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ojú mi sì ń tẹ̀ lé ìka olùtọ́jú bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Kò mú un kúrò nínú ìrántí mi. Mo ṣì rántí ẹni tí ń ka ẹ̀jẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó ti wà ní 2017 báyìí, kì í bá mi wọ ọjà mọ́. Ohun kékeré kan tí wọ́n kọ́ mi, tí mo ṣì ń lò: bí ó bá fẹ́ gbé mi lọ, màá tẹ ẹsẹ̀ mi méjèèjì mọ́lẹ̀, màá bu omi tútù sójú, màá sì dárúkọ nǹkan márùn-ún tí mo ń rí níwájú mi sókè.


Ọmọ_Ọ̀wọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́

Àṣàkẹ́, mo gbọ́ ti bàbá yín, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn pé kí ó sọ gbogbo rẹ̀ lónìí ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀, mo wà lára àwọn tí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn kan tí wọ́n ní ọkàn rere kó wa jọ, wọ́n ní kí olúkúlùkù dìde sọ ohun tí ó rí. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí rẹ̀. Àwọn tí kò rí ohun tí ó rí wá gbé e lọ sílé lọ́kàn wọn. Láti ọjọ́ náà ni oorun tèmi ti dàrú ju ti ìṣáájú lọ.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Ọ̀wọ̀ tọ̀nà. Wọ́n ti ṣe ìwádìí irú ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, kò dènà PTSD, ó sì lè pa àwọn kan lára, ìdí nìyí tí àwọn ìlànà ìtọ́jú fi sọ pé kí á má ṣe é. Ohun tí ó yẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ibi ààbò, oúnjẹ, omi, aṣọ ìbora, ìròyìn òtítọ́ nípa ìbátan ẹni, àti ẹni tí yóò jókòó tini láìbéèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí á fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ìtọ́jú. Sísọ ọ́ ní ìwọ̀n, léraléra, lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí àìsàn náà ti fara hàn, nǹkan mìíràn ni. Òun ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Oògùn bíi sertraline náà wà, a sì máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Bàbá Ajagunfẹ̀yìntì náà ní òtítọ́ lọ́wọ́ lórí bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ìjákulẹ̀ ìfẹ́ ń dunni, ṣùgbọ́n kì í ṣe PTSD. Ibi tí mo ti fẹ́ kí á ṣọ́ra ni ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹní lu bàrà fún ọdún mẹ́wàá nínú ilé. ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ àwọn àìsàn sí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ní orúkọ lọ́tọ̀ fún èyí tí irú ìyà ọlọ́jọ́ gbọọrọ bẹ́ẹ̀ máa ń fà.


Ajagunfẹ̀yìntì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 alẹ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Pípè láti ẹnu ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ni kí ẹ máa pe irú wa, ẹ má pe oyè. Èmi náà kì í jókòó kí ẹ̀yìn mi kọjú sí ilẹ̀kùn. N kò pe ìyẹn ní àìsàn, n kò sì ní pè é bẹ́ẹ̀.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:41 alẹ́

Bí kò bá dí oorun, ilé àti ayọ̀ yín lọ́wọ́, Bàbá, èmi náà kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ojú àpá yàtọ̀ sí egbò.


Ìyàwó_Àlùfáà, ọjọ́ Rú, aago 6:10 òwúrọ̀

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí “ẹ kú ewu” rò láti àná. Ìkíni náà kò ṣẹ̀; àwa tí a kí yín tí a kò padà wá ni a ṣẹ̀. Ní ìjọ wa, arábìnrin kan tí àwọn ajínigbé tú sílẹ̀ ṣe ìdúpẹ́, a jó, a sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí kò wá sí ìsìn mọ́, àwọn kan ní ó ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Mo lọ bá a. Ìlù ni kò lè fara dà, àti bí àwọn olùtọ́jú èrò ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Báyìí, ìjókòó tí ó wà nítòsí ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, ilẹ̀kùn náà kì í sì í tì mọ́. Ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ń wá sí ìsìn. N kò rí ohun tí àdúrà àti dókítà ń bá ara wọn jà lé lórí.


Ọmọ_Òkè-Àfà, ọjọ́ Rú, aago 12:25 ọ̀sán

Lórí pé kí wọ́n tan gáàsì tipátipá: ẹ̀gbọ́n mi kan fi ọkọ̀ gbé mi lọ sórí afárá Òkè-Àfà lójijì ní ọdún 2014, ó ní òun fẹ́ lé ẹ̀rù jáde. Mo bì sínú ọkọ̀, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Èyí tí ó ràn mí lọ́wọ́ lọ báyìí. Olùtọ́jú mi ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń sá fún sílẹ̀, kí n sì fi nọ́ńbà láti 0 dé 100 wọn ẹ̀rù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán afárá jẹ́ 30. Ibùdókọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 55. Kí n dúró lórí rẹ̀ ní alẹ́ jẹ́ 100. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé n kò gbọ́dọ̀ sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù bá wà ní góńgó. Mo ní láti dúró níbẹ̀ títí àyà mi yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú ogójì, kí ara lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tí ó ń retí kò ṣẹlẹ̀. Mo tún sọ ìtàn alẹ́ ọjọ́ náà sínú fóònù, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní burú jáì, mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ṣàkíyèsí pé mo ń ronú nípa oúnjẹ alẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, fún tiyín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjókòó sínú kíṣìnì tí sílíńdà kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú ni ó to àtẹ̀gùn náà.


Ọpẹ́yẹmí77, ọjọ́ Rú, aago 2:02 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo fa ọ̀rọ̀ mi lórí títan gáàsì sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é. N kò fa ti àdúrà sẹ́yìn.


Àkànní_Abẹ́òkúta, ọjọ́ Rú, aago 5:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ibi tí wọn yóò lọ. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà, ní Èkó sì ni ti Yábàá. Mo mọ̀ pé ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni kí wọ́n má baà sọ pé wọ́n rí i nílé wèrè. Kí ẹ mọ̀ pé láti ọdún 1954 tí Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń rí níbẹ̀ lónìí, ilé ni wọ́n ti ń wá. Ẹ béèrè iye owó káàdì ṣáájú, ẹ sì lọ ní kùtùkùtù, nítorí èrò máa ń pọ̀.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Rú, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ní láti fi èyí kún un: bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí bá ń rò ó pé ikú sàn ju bí òun ti wà yìí lọ, kí ó má dúró de ọjọ́ káàdì. Kí ó sọ fún ẹnìkan nínú ilé nísinsìnyí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ wọn.


Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn, ọjọ́ Rú, aago 10:50 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí Àṣàkẹ́ ṣe ní kí n ṣe, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mo tẹ̀ lé. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn nìkan ni mo sọ fún un, pé mo rò pé èmi ni mo pa wọ́n. Kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó rò pé nítorí pé òun kò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe ń kanra mọ́ òun.

UCH ni a óò lọ, ọjọ́ Ẹtì, òun ni yóò wà mí lọ. Mo ti fi páálí Lexotan sínú báàgì, mo sì ti kọ iye tí mo ń lò sí ẹ̀yìn rẹ̀, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ọkọ mi yóò tún bá alága àdúgbò sọ̀rọ̀ lórí báńgà, bóyá wọ́n lè fi í sí ọjọ́ kan àti wákàtí kan tí a mọ̀, kí n lè kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Òkè-Àfà, ṣé ìyẹn náà wà lára ìyàfún tí ẹ ní yóò gba ilé?


Ọmọ_Òkè-Àfà, ọjọ́ Rú, aago 11:08 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún yìí. Ẹ kọ báńgà náà sínú ìwé yín, ẹ fún un ní 90, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.